Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Fín Òǹtẹ̀

Ní Ẹ̀gbẹ́dá wa yìí, kò sí bí ìwé kan ti lè kún fún òtítọ́ tó, ìbáà jẹ́ rìsíìtì owó ilé, ìbáà jẹ́ lẹ́tà tí ẹgbẹ́ onílé fi ń pe ìpàdé, ìbáà sì jẹ́ ìwé ẹ̀rí tí ìyá aránṣọ fi ń dá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ fírídọ̀ọ̀mù, bí òǹtẹ̀ kò bá ti sí nísàlẹ̀ rẹ̀, ojú yẹpẹrẹ ni àwọn ènìyàn yóò fi wò ó. Láti Akówọnjó dé Ṣàṣá, láti Gówọ̀n Ẹ̀sítéètì dé Ìdímù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́ tí ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí, tí kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí èrò rẹ̀ tó o nínú ìkànìyàn náà, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, iléèwé aládàáni, ilé oògùn àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò ṣeé kà tán, gbogbo wọn ni ó sì ń fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn.

Nítorí náà ni ó fi ń yà mí lẹ́nu nígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé iṣẹ́ òǹtẹ̀ àfọwọ́fín ti kú, pé kọ̀ǹpútà ni ó pa á, pé ẹ̀rọ oníná tí ń jó rọ́bà sí lẹ́tà ni ó sì sin ín. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ẹ̀rọ yá ju ọwọ́ lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: bí ilé-ìfowópamọ́ bá ń fẹ́ igba òǹtẹ̀ tí gbogbo wọn rí bákan náà, tí lẹ́tà inú wọn sì kéré jọjọ, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ni kí ó gbà lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ àmì tí irú rẹ̀ kò sí ní ìlú, orí ẹyẹ fún ìsọ̀ rẹ̀, òdòdó fún etí aṣọ, tàbí orúkọ ìdílé tí a kọ pẹ̀lú àmì ohùn orí rẹ̀ àti àmì abẹ́ rẹ̀ láìku ẹyọ kan, ọ̀dọ̀ ọlọ́nà ni yóò ti rí i. Ohun tí ń pa iṣẹ́ yìí kì í ṣe ẹ̀rọ, àìmọ̀-ọ́n-yàn ni. Òǹfín tí ó bá mú rọ́bà tí ó kọ́kọ́ bá ọwọ́ rẹ̀ pàdé, tí ó fi abẹ fẹ́lẹ́ gé e bó ṣe bọ́ sí i, tí oníbàárà rẹ̀ wá rí i pé lẹ́tà ti ya kí oṣù tó parí, òun gan-an ni ó ń lé oníbàárà náà lọ sí ìsọ̀ oníkọ̀ǹpútà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èrò tèmi ni pé ibi tí òǹtẹ̀ yóò bà lé ni kí ó yan tàdáwà, kí tàdáwà yan ohun tí a ó fín, kí ohun tí a ó fín sì yan irin tí a ó fi fín in. Ẹni tí ó bá da ètò yìí rú, bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá tó, òfo ni yóò fi ṣe èrè.

Àwọn baba wa mọ èyí kí a tó bí wa. Ẹ wo àwọn Ẹ̀gbá ọmọ Líṣàbí ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń gé pátánà àdìrẹ ẹlẹ́kọ sára síǹkì pẹlẹbẹ. Ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù sè ni yóò gba ojú ihò síǹkì náà kọjá bọ́ sára aṣọ, omi inú ẹ̀kọ sì pọ̀ débi pé, bí ó bá jẹ́ páálí ni wọ́n gé, yóò ti rà kí wọ́n tó tẹ aṣọ méjì. Irin ni wọ́n yàn, kí wọ́n lè fọ̀ ọ́, kí wọ́n nù ún, kí wọ́n sì tún fi ṣe òmíràn lọ́la. Irú síǹkì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi gbé àwòrán George Karùn-ún, ọba Gẹ̀ẹ́sì, àti Mary ayaba rẹ̀ sórí aṣọ tí a ń pè ní Olóba, lẹ́yìn tí wọ́n ṣe jùbílì ọdún 25 rẹ̀ lórí oyè ní 1935. Àwọn tí ń ṣe àdìrẹ alábẹ́là lóde òní kò jẹ́ lo síǹkì, wọn kò sì jẹ́ lo rọ́bà. Fóòmù ni wọ́n ń fi abẹ gé ní òdòdó tàbí ní ìlà, nítorí pé fóòmù a máa mu àbẹ́là yíyọ́ sínú, a sì máa pa ooru rẹ̀ mọ́ títí yóò fi kan aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni rọ́bà líle yóò jẹ́ kí àbẹ́là náà dì sí i lójú kí ó tó délẹ̀. Bàbà ni àwọn ará Java yàn fún irú iṣẹ́ yìí kan náà láti nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nítorí pé bàbà pẹ̀lú a máa pa ooru mọ́.

Bí a bá sì kọjá sí Ghana, ní Ntonso lẹ́bàá Kumasi, awẹ́ igbá ni àwọn ọlọ́nà ibẹ̀ ń fín fún aṣọ adinkra, tí wọ́n á so igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn lẹ́yìn kí ọwọ́ lè rí i dì mú. Ẹ̀yìn igbá tí ó tẹ̀ kọdọrọ ni ó ń jẹ́ kí òǹtẹ̀ náà yí gẹ̀ẹ́rẹ́ lórí aṣọ láìfi ibì kan sílẹ̀. Tàdáwà wọn, èèpo igi kan tí wọ́n ń pè ní badie ni wọ́n ń sè títí yóò fi dúdú tí yóò sì ki, igi náà kò sì ṣàjèjì sí àwọn eléwé-ọmọ tiwa, nítorí ọ̀kan nínú àwọn igi tí wọ́n ń pè ní ìrà ni. Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Bowdich dé Kumasi ní 1817, ó sì mú aṣọ adinkra kan lọ sílé. Aṣọ náà wà ní British Museum ní London di òní olónìí, àwọn àmì tí wọ́n tẹ̀ sí i lára kò sì tí ì parẹ́. Síǹkì, fóòmù, bàbà, igbá: kò sí èyí tí wọ́n yàn nítorí pé ó wà nítòsí nìkan. Tàdáwà ni ó yàn wọ́n.

Kí a wá bọ́ sórí òǹtẹ̀ ìwé, èyí tí àwa ará Ẹ̀gbẹ́dá ń lò jù. Yíǹkì inú páàdì fúyẹ́, omi ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀; ojú ìwé a máa le, tábìlì tí a gbé e lé kì í sì í tẹ́ déédéé nígbà gbogbo. Ohun tí yóò bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mu gbọ́dọ̀ lè tẹ̀ díẹ̀ kí ó sì padà sípò, kí ó gba yíǹkì sójú láìmu ún, kí ó sì lè gbé ìlà tín-ín-rín dúró. Rọ́bà ni èyí, rọ́bà kì í sì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa. Irẹ́ inú igbó Yorùbá ni àwọn òyìnbó ń pè ní rọ́bà Èkó. Ní nǹkan bí ọdún 1895 ni àwọn ènìyàn rọ́ wọ igbó, tí wọ́n ń kọ igi náà lára gba oje rẹ̀ fún títà sókè òkun, wọ́n sì kọ ọ́ ní àkọjù tó bẹ́ẹ̀ tí igi rẹpẹtẹ fi kú láàárín ọdún díẹ̀. Oje lásán kò sì tó, nítorí yóò rọ̀ nínú oòrùn, yóò le nínú òtútù. Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, ni ó rí i ní 1839 pé bí a bá fi imí-ọjọ́ po oje rọ́bà, tí a sì fi iná sí i, yóò dúró lójú kan. Rọ́bà sísè yìí ni mo gbà pé ó yẹ òǹtẹ̀ tí a ó máa gbé sọ ojoojúmọ́, ìbáà jẹ́ ti akọ̀wé ẹgbẹ́ tàbí ti olóògùn. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń ta padà lábẹ́ ọ̀bẹ. Irin tí kò bá mú dáadáa, yíyà ni yóò ya á, kì í ṣe gígé.

Nítorí ìdí èyí, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, tàbí ẹni tí ó fẹ́ fín àwòrán tí ó díjú gan-an, kí ó kọ́kọ́ mú rọ́bà funfun tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe rọ́bà igi rárá, àgbélẹ̀rọ oníke rírọ̀ ni wọ́n. Ọ̀bẹ a máa wọ̀ wọ́n lọ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ bí ẹni gé ọṣẹ, ìrù ẹyẹ àti irun ojú a sì máa hàn lára wọn ketekete. Ṣùgbọ́n wọn kì í lálòpẹ́, bí a bá sì kó wọn sínú ike, wọn yóò lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà ìwé ni kí a máa fi wé wọn. Kí òǹfín má ṣe fi wọ́n tẹ àbẹ́là gbígbóná láéláé, nítorí yíyọ́ ni wọn yóò yọ́.

Rọ́bà pẹlẹbẹ tí àwọn aránbàtà fi ń ṣe ìsàlẹ̀ bàtà ni ó tún wà lárọ̀ọ́wọ́tó wa, ibẹ̀ sì ni ojú inú ti ń ṣiṣẹ́. Oríṣi méjì ni ó wà: èyí tí ó ní ihò wẹ́wẹ́ nínú, tí ó fúyẹ́ lọ́wọ́, àti èyí tí ó ki, tí ó wúwo. Kí ènìyàn tó sanwó, kí ó ní kí wọ́n gé etí rẹ̀ fún òun, kí ó sì wo ojú ibi tí wọ́n gé. Bí ó bá rí ihò, kí ó dá a padà, nítorí pé gbogbo ihò yẹn ni yóò di ààmì funfun lójú lẹ́tà. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ tí ojú rẹ̀ sì sán, ó ti gbó. Táyà ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fín: wáyà àti òwú ni ó kún inú rẹ̀, ọ̀bẹ yóò sì kú sí i lára. Túùbù inú táyà tínrín jù fún fínfín, àmọ́ ó dára láti fi sísọ́ọ̀sì gé ní lẹ́tà ńláńlá kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó. Sílípáàsì gbígbó, àwọn ọmọdé ni kí a fi í sílẹ̀ fún, kí wọ́n fi gé ìràwọ̀ àti òṣùpá.

Línóò náà ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà fún wa lónìí láti fi tẹ́ ilẹ̀, nítorí ike ni ìyẹn. Línóò gidi, èyí tí wọ́n fi òróró àti èèpo igi kọ́ọ̀kì lílọ̀ ṣe sórí àpò, ni mo ń wí. Bruce Onobrakpeya, àgbà ọlọ́nà tí a bí ní 1932, tí ó kọ́ àwọn ọmọ ní St Gregory's College ní Èkó láti 1963 di 1980, tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Mushin tí kò jìnnà sí wa, fi í dá àràbarà tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé. Òun náà ni ó ya àwòrán inú ìwé tí Wole Soyinka fi túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Línóò a máa gbà kí a fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, pàápàá bí a bá kọ́kọ́ sá a sóòrùn kí ó rọ̀, a sì máa bá yíǹkì olóróró lò pọ̀ dáadáa lórí ìwé ńlá. Ṣùgbọ́n kì í tẹ̀ lábẹ́ ọwọ́. Bí akọ̀wé bá fi í tẹ rìsíìtì lórí tábìlì tí kò tẹ́, ìdajì orúkọ ni yóò hàn.

Ọ̀rọ̀ fínfín gan-an wá kù. Ní ibi iṣẹ́ ọnà tí Fadá Kevin Carroll dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, níbi tí Làmídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bándélé, àti láàárín àwọn agbẹ́gilére Yorùbá káàkiri, ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ pín sí: ọ̀nà lílé, àlétúnlé, dídán, lẹ́yìn náà fínfín. Ìwúwo igi ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé dànù kí wọ́n tó bọ́ sórí ojú àti ilà. Ẹni tí ó bá gbé ètò yìí wá sórí rọ́bà bí ó ti wà, yóò kábàámọ̀, nítorí igi le, ó sì lè dá dúró, rọ́bà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti kó gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ìlà tín-ín-rín tí ó kù yóò máa gbọ̀n lábẹ́ ọ̀bẹ. Inú lẹ́tà ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, ojú A, ikùn B, ojú ẹyẹ, nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ṣì wà níbẹ̀ láti dì í mú. Ìgbẹ̀yìn ni kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi orúkọ ìlú wa ṣe àpẹẹrẹ, Ẹ̀GBẸ́DÁ. Lójú òǹtẹ̀, òdì ni ohun gbogbo: Á ni yóò síwájú, Ẹ̀ ni yóò kẹ́yìn, apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Ẹ yóò kọjú sí òsì, ikùn B àti ti D yóò sì ṣe bákan náà, A nìkan ni kò ní yí padà, nítorí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni àmì ohùn, nítorí pé àmì ohùn ìsàlẹ̀ yóò rí lójú òǹtẹ̀ bí àmì ohùn òkè, ti òkè yóò sì rí bí ti ìsàlẹ̀, òǹfín tí ó bá sì fi orí rò ó yóò yí ohùn orúkọ olórúkọ padà. Ìwé fẹ́lẹ́ ni kí ó kọ orúkọ náà sí bí a ti ń kọ ọ́, pẹ̀lú pẹ́ńsù tí ó rọ̀, kí ó da ojú rẹ̀ dé orí rọ́bà, kí ó sì fi ẹ̀yìn ṣíbí rà á. Òdì yóò ṣe ara rẹ̀. Bí rọ́bà bá dúdú, kí ó kọ́kọ́ fi ẹfun kùn ún lójú. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo fọ́tókọ́pì, àsítóònù ni a fi ń nu ẹ̀yìn ìwé náà kí dúdú rẹ̀ lè wọ ara rọ́bà, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe dán an wò lórí rọ́bà oníke, nítorí àsítóònù yóò jẹ ẹ́ lójú.

Àmì abẹ́ Ẹ ni ó kéré jù nínú iṣẹ́ yìí, òun sì ni ó ń kọ́kọ́ ya. Kí abẹ má ṣe dúró ṣánṣán, kí ó má sì ṣe wọ abẹ́ rẹ̀. Kí ó dà síta, kí ìdí àmì náà lè gbòòrò ju orí rẹ̀ lọ, kí ó sì jìn tó mìlímítà kan tàbí méjì. Ọwọ́ tí ó di ọ̀bẹ mú, kí ó dúró lójú kan, kí ọwọ́ kejì máa yí rọ́bà. Fún rọ́bà sísè, abẹ àwọn oníṣẹ́ abẹ tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, nọ́ńbà 11, ni ó tọ́. Fún línóò àti rọ́bà oníke, irin ìfín tí ẹnu rẹ̀ rí bíi V ni, bí owó rẹ̀ kò bá sì sí, a lè gé irin agboòrùn gbígbó, kí a pọ́n ẹnu rẹ̀ lórí òkúta, ó ti ní kòtò láàárín tẹ́lẹ̀. Bí a bá da pọ́ńdà díẹ̀ sójú iṣẹ́ tí a sì fẹ́ ẹ dànù, ibi tí ọ̀bẹ kò tí ì dé yóò fi ara hàn. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í nini lára. Ibi tí a sì ti pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀, nítorí èyí tí ọ̀bẹ bá ti gé lọ lára òǹtẹ̀ kò ní àtúnṣe.

Bí iṣẹ́ bá sì parí, kí olówó rẹ̀ mọ ìtọ́jú rẹ̀. Kẹrosíìnì àti bẹntiróòlù tí àwọn kan fi ń fọ òǹtẹ̀ ni ọ̀tá rọ́bà. Wíwú ni yóò wú. Ọṣẹ àti omi tó. Kí a má sì ṣe fi í sílẹ̀ lójú fèrèsé, nítorí oòrùn Èkó yóò sán an.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ, pé ẹni tí ó mọ òǹtẹ̀ fín yóò mọ ayédèrú rẹ̀ fín pẹ̀lú. Òtítọ́ ni, Olúwọlé ní Ìsàlẹ̀ Èkó wà ńbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ di orúkọ tí a ń pe gbogbo ìwé jìbìtì, òfin kò sì fi ojúure wo ẹni tí ó bá fín èdìdì ìjọba. Kí òǹfín tí ó bá mọ iyì ara rẹ̀ má ṣe fín òǹtẹ̀ iléeṣẹ́ kankan láìrí lẹ́tà rẹ̀, nítorí iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe di ẹ̀bi náà ru ọ̀bẹ. Ẹ̀rọ tí ń da àwòrán kọ lè da òǹtẹ̀ èyíkéyìí kọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, òfin ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2020 sì ti sọ pé kò pọn dandan mọ́ kí ilé-iṣẹ́ ní èdìdì. Ní Japan, ọdún kan náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òǹtẹ̀ kúrò nínú ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀. Ní Ṣáínà, UNESCO ti ka fínfín èdìdì mọ́ ohun àjogúnbá aráyé láti 2009. Ẹ ò rí i pé agbára òǹtẹ̀ láti fi múni ń dín kù, tí iyì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà sì ń pọ̀ sí i. Ohun tí a kò fi dandan mú wa ní, tí a sì ní in nítorí iyì, ó yẹ kí a ní èyí tí ó dára.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní àwọn iléèwé gíga Alímòṣọ́ kò nílò láti dúró de irinṣẹ́ òkè òkun; rọ́bà ìpa-pẹ́ńsù-rẹ́ kan, irin agboòrùn kan, ìwé fẹ́lẹ́ kan, ọmọ ti lè bẹ̀rẹ̀ láti fín orúkọ ara rẹ̀, kí ó sì ti ibẹ̀ mọ ibi tí àmì ohùn ń gbé. Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ̀yin olórí iléèwé, nígbà tí ẹ bá ń bẹ òǹfín níṣẹ́, ẹ má ṣe béèrè iye owó nìkan. Ẹ sọ fún un bí ó bá jẹ́ ìwé ni, bí ó bá jẹ́ aṣọ ni, ẹ sọ irú yíǹkì tí ẹ ó lò, ẹ sì béèrè irú rọ́bà tí yóò fín. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé funfun, kí ẹ ka orúkọ yín lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì orí àti àmì abẹ́ rẹ̀. Òǹtẹ̀ tí kò bá lè kọ orúkọ olówó rẹ̀ pé, ẹ dá a padà.